Ṣé ká gbé ọmọ ọdún méjì lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá, àbí ká ṣì dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin wa yóò pé ọdún méjì àtààbọ̀ láìpẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́jọ, kò sì jẹ́ ká sinmi mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ ńlá, irú èyí tó ní ohun ìgùn oríṣiríṣi. Ọkọ mi ní ká dúró kí àbúrò dàgbà díẹ̀ sí i, pé kò ní rántí nǹkan kan, owó á kàn ṣòfò ni. Ìyá ọkọ mi fẹ́ bá wa lọ. Ẹ̀rù ìlà, oòrùn àti ariwo ń bà mí, ẹ̀rù sì tún ń bà mí kí ọmọ má lọ sọnù láàárín èrò. Ṣé ká lọ ni? Tí a bá máa lọ, báwo la ṣe máa ṣe é tí kò fi ní di wàhálà?

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa bẹ̀ yín: ẹ má lọ bí ẹni tó fẹ́ jẹ owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tán. Ara ọmọ yẹn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa sọ ìgbà tí ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé, mo sì ti rí i lemọ́lemọ́ pé àwọn òbí tó wọlé pẹ̀lú ètò kékeré, tí wọ́n sì tètè jáde, ni inú wọn máa ń dùn tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn tó fẹ́ rí gbogbo ẹ̀ ni ẹkún máa ń bá délé.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá àwọn ọmọ sọ kì í ṣe irọ́. Tẹ́ ẹ bá ní kí àgbàlagbà sọ ohun tó pẹ́ jù tó rántí láyé rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló máa mẹ́nu ba nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́ta àtààbọ̀. Ohun tó ṣáájú ìyẹn máa ń pa rẹ́. Àmọ́ ọmọ ọdún méjì ń rántí nǹkan fún ọ̀sẹ̀, àní fún oṣù. Ẹ fi fọ́tò ẹṣin tó gùn hàn án lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó gbọ́ bó ṣe máa pe ẹṣin náà, táá tọ́ka sí ara rẹ̀, táá ní kẹ́ ẹ tún ìtàn ẹ̀ sọ. Ọjọ́ orí tí ọ̀rọ̀ ń ya wọ ẹnu ọmọ nìyí, ọjọ́ tí ojú rẹ̀ bá rí nǹkan tuntun a máa fún un ní ọ̀rọ̀ tuntun láti sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á rántí, ẹ̀yin náà á rántí, màmá ọkọ yín náà á rántí. Mi ò rí ìdí tí ayọ̀ ọjọ́ kan fi gbọ́dọ̀ wà lórí ẹnìkan lẹ́yìn ogún ọdún kó tó jẹ́ ayọ̀. Ní ti owó, ọ̀pọ̀ ọgbà ni kì í gbowó ìwọlé lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní àwọn ọgbà Disney tó wà ní California àti Florida, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní Paris. Ní Tokyo, ọmọ gbọ́dọ̀ pé mẹ́rin kí wọ́n tó gbowó. Bí ọgbà tiyín náà bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, àbúrò kò ní fi kún owó ìwọlé tẹ́ ẹ máa san.

Kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́, ẹ kọ́kọ́ wo irú ọgbà tó jẹ́. Ọgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé rólà kósítà, ọkọ̀ tó ń sáré gùnkè sọ̀kalẹ̀ lórí irin gíga, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ á gbádùn ẹ̀, àmọ́ inú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ kiri ni àbúrò rẹ̀ á ti máa wòran láti àárọ̀ dalẹ́. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ọmọ kékeré ni wọ́n rò tí wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ọgbà Legoland, tí àkọ́kọ́ wọn ṣí ní Billund lórílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì lọ́dún 1968, ọmọ ọdún méjì sí méjìlá ni wọ́n wà fún. Ní Efteling nílẹ̀ Nẹ́dálándì, tó ṣí lọ́dún 1952, igbó ìtàn kan wà tí èèyàn kàn ń fẹsẹ̀ rìn nínú ẹ̀, láìgun ohunkóhun. Àwọn agolo ìdọ̀tí kan wà níbẹ̀ tó ní ojú àti ẹnu. Wọ́n á máa ké pé kí wọ́n kó bébà wá, ọmọ á na bébà sí wọn, atẹ́gùn á fà á wọ ẹnu wọn láti ọwọ́ ọmọ, wọ́n á sì dúpẹ́. Ọmọ kékeré lè dúró síbẹ̀ títí táá fi wá gbogbo bébà inú báàgì ìyá rẹ̀ tán. Mo dárúkọ ẹ̀ torí pé ohun tí ọmọ tiyín ń wá gan-an nìyẹn: nǹkan tí kò ga ju ojú rẹ̀ lọ, tó ń dá a lóhùn, tó sì lè ṣe ní àṣetúnṣe. Ẹ wo máàpù ọgbà tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Bẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ ti kún.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ọmọ. Ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn ti ògiri láìwọ bàtà, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí òkè orí rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi téèpù wọ̀n ọ́n. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ọmọbìnrin tó wà láàárín ní ọdún méjì géérégé máa ń ga tó sẹ̀ntímítà 86, tó bá di ọdún mẹ́ta á tó sẹ̀ntímítà 95. Àwọn ohun ìgùn tó ń sáré sì sábà máa ń béèrè sẹ̀ntímítà 97, 102, 112 tàbí 122. Ẹ ti rí i pé wọn ò ní jẹ́ kó gun wọn, ó sì sàn kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n láti ilé ju kẹ́ ẹ to ìlà tán kí wọ́n wá dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó kù fún un kò kéré: ẹṣin onígi tó ń yí po, ọkọ̀ ojú irin kékeré, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ jẹ́jẹ́, àwọn erin tàbí bàlúù kéékèèké tó ń fò yípo òpó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki bébà sínú bàtà ọmọ kó lè ga sí i, ẹ má sì bẹ òṣìṣẹ́ pé "ó kù díẹ̀ ni". Ẹ wo bí irin tó ń sọ̀ kalẹ̀ lé itan ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí àgbà àti ọmọ bá jọ jókòó sábẹ́ irin kan náà, itan àgbà ni irin yẹn máa kọ́kọ́ bá, ibẹ̀ ló sì máa dúró sí. Láàárín irin àti itan ọmọ, àlàfo tó lè gba gbogbo ara ọmọ kọjá wà níbẹ̀. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi dì í mú kò lè rọ́pò irin náà tí ohun ìgùn bá já bọ́ láti òkè tàbí tó bá ṣẹ́ kọ́nà lójijì. Bákan náà, èyí tí wọn ò béèrè gíga fún náà ní ewu tirẹ̀. Lórí ẹṣin onígi, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi apá yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká, kẹ́ ẹ de bẹ́líìtì tó bá wà. Ẹ má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ àyàfi tí ẹ̀rọ bá dúró pátápátá, torí ìgbà tó bá ń rọra dúró gan-an ni ọmọ máa ń fẹ́ sáré.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ibi ìyọ̀wálẹ̀, torí pé ìfẹ́ ló ń fa ìpalára yìí, àwọn òbí kì í sì í retí ẹ̀. Ẹ̀rù ń ba ọmọ, ìyá tàbí bàbá bá gbé e lé itan kí wọ́n jọ yọ̀ wálẹ̀. Bàtà ọmọ ní rọ́bà, ó fà mọ́ ara ẹ̀gbẹ́ ibi ìyọ̀wálẹ̀ náà, ẹsẹ̀ ọmọ bá dúró. Àgbàlagbà kò dúró, ìwúwo rẹ̀ ń lọ. Egungun ojúgun ọmọ ló máa ń kán níbẹ̀. Ọmọ tó yọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀ kò wúwo tó láti ṣe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀; tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fà mọ́ nǹkan, á kàn dúró ni. Nítorí náà, tí ibi ìyọ̀wálẹ̀ bá ga jù fún òun nìkan, kò tíì tó o gùn nìyẹn. Ẹ mú un lọ sí kékeré, kẹ́ ẹ dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó di orí oorun, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ọdún kan sí méjì nílò oorun wákàtí 11 sí 14 láàárín ọjọ́ kan, tọ̀sán-tòru. Tó bá di ọmọ ọdún mẹ́ta, á jẹ́ 10 sí 13. Tọ̀sán wà nínú ẹ̀. Ọgbà ìgbafẹ́ kò mọ ìyẹn. Àárín ọ̀sán tí oorun ń kùn ún ni orin, ìwọ́de àwọn òṣèré ọgbà àti èrò máa ń pọ̀ jù, oòrùn náà á sì wà láàárín orí. Èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí ni pé kí wọ́n dé ẹnu géètì kí wọ́n tó ṣí i. Wákàtí àkọ́kọ́ ni ìlà máa ń kúrú jù, ìgbà yẹn náà sì ni ara ọmọ dá jù. Ẹ kọjá sí ohun tí àbúrò fẹ́ràn jù tààrà, ẹ má dúró níbi ìtajà ẹnu ọ̀nà, torí tẹ́ ẹ bá ń jáde ó ṣì máa wà níbẹ̀. Ẹ jẹun kí àwọn èèyàn tó máa jẹun, bí aago mọ́kànlá, kẹ́ ẹ lè rí ìjókòó. Lẹ́yìn oúnjẹ, kò gbọ́dọ̀ sí ètò kankan fún un mọ́ àyàfi oorun.

Bó bá jẹ́ pé ibi tẹ́ ẹ dé sí kò jìnnà, ẹ gbé e padà lọ síbẹ̀ kó sùn dáadáa, ọ̀pọ̀ ọgbà ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ tún wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ béèrè lẹ́nu géètì kẹ́ ẹ tó jáde. Bí ibùgbé bá jìnnà, inú kẹ̀kẹ́ ni. Ẹ wá ibi tí igi ṣíji bò, jìnnà sí ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ẹ tẹ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kẹ́nìkan máa rọra tì í síwá sẹ́yìn. Ẹ má ṣe ta aṣọ bo gbogbo ojú kẹ̀kẹ́ nítorí oòrùn. Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Aṣọ yẹn máa ń dí atẹ́gùn, ooru á wá kóra jọ sínú ẹ̀ kíákíá, àní bí aṣọ náà bá fẹ́lẹ́, ọmọ tó ń sùn kò sì ní lè sọ pé ooru ń mú òun. Ibòòji gidi ni kẹ́ ẹ wá fún un. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ooru ń mú un, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Tó bá gbóná tó sì rin fún òógùn, ẹ ká aṣọ kúrò lára rẹ̀, kẹ́ ẹ fún un lómi.

Ẹ kọ́ àmì àárẹ̀ tirẹ̀, torí ó máa ń hàn kí ẹkún tó dé. Ọmọ tí ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ á dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá pè é, kò ní wẹ̀yìn. Á máa fa etí tàbí irun ara rẹ̀, á máa ṣubú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tàbí kó máa rẹ́rìn-ín ẹ̀rín kan tó ga jù, tí kò bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń tan àgbà jẹ jù. Wọ́n á ní "ẹ wò ó, ó ń gbádùn ara ẹ̀", wọ́n á tún mú un to ìlà mìíràn. Tẹ́ ẹ bá ti rí méjì nínú àwọn àmì yìí, ẹ máa kó ẹrù. Tó bá ti di pé ó yíra mọ́lẹ̀, ìpinnu yẹn ti pẹ́. Kì í ṣe ìwàkiwà, ọpọlọ rẹ̀ ni kò lè gbé ohun tó rí lóòjọ́ mọ́. Ìyà tàbí ìbáwí kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlérí súùtì kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ gbé e kúrò lójú ọ̀nà, ẹ dì í mọ́ra, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kí ojú àwọn tó ń kọjá lọ tì yín.

Ní ti ìlà, ọmọ ọdún méjì lè fara da ogún ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá ní nǹkan lọ́wọ́ fún un. Kọjá ìyẹn, mi ò ní tò ó. Ọ̀pọ̀ ọgbà ló ní áàpù tó ń fi ìṣẹ́jú tí ìlà kọ̀ọ̀kan máa gbà hàn, ẹ gbé e sórí fóònù yín láti ilé. Ẹ mú un lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tò. Inú ìlà ni kẹ́ ẹ ti gbé ìpápánu jáde, ẹ má gbé e jáde ṣáájú, kó lè jẹ́ pé ìgbà tí ẹsẹ̀ ń ro ó lẹnu ń ṣiṣẹ́. Ní ti ìpápánu náà: gúgúrú, odindi èpà, odindi èso gíréépù àti sọ́séèjì tí wọ́n gé róbótó lè dí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Èyí tó ṣe é là, ẹ là á sí mẹ́rin ní gígùn; èyí tí kò ṣe é là, kó má jẹ ẹ́. Inú ohun ìgùn tó ń mì kọ́ ni ibi tí ọmọ ti ń jẹun rárá.

Ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọgbà ńlá ní ètò kan fún irú ìdílé yín, wọn kì í sì í pariwo rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu ohun ìgùn tó tóbi, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ pé ẹ ní ọmọ tí kò tíì ga tó, pé ẹ fẹ́ gùn ún ní ìpààrọ̀. Bàbá àti ẹ̀gbọ́n á to ìlà, ẹ̀yin á wà lọ́dọ̀ àbúrò. Tí wọ́n bá gùn ún tán, ẹ̀yin náà á wọlé láìtún to ìlà gígùn yẹn, wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bá yín gùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ lo wákàtí oorun àbúrò fún èyí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ nílò ìgbà kan lọ́jọ́ náà tí òun nìkan ni wọ́n ń fetí sí, torí gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń sọ fún un pé "dúró de àbúrò ẹ".

Màmá ńkọ́? Wíwà tí wọ́n fẹ́ bá yín lọ, oore ńlá ni, àmọ́ ẹ má sọ wọ́n di ọmọ ọ̀dọ̀. Ìrìn inú ọgbà ńlá máa ń pọ̀, oòrùn kì í sì í mọ àgbà. Ẹ fún wọn ní ìjókòó nítòsí ibi tí àbúrò ń ṣeré, kí wọ́n máa wò ó. Tí ìrìn bá ń ni wọ́n lára, ẹ béèrè kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti àgbà kiri lẹ́nu géètì, ọ̀pọ̀ ọgbà ló ń yá èèyàn. Ohun kan tí mo máa bẹ̀ yín lé lórí níbi tí àgbà mẹ́ta bá wà: ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹnu sọ ọ́. "Ó wà lọ́wọ́ mi." Tó bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn, ẹni yẹn náà á dáhùn pé "ó ti wà lọ́wọ́ mi." Àgbà mẹ́ta tó rò pé àwọn méjì tó kù ń wo ọmọ, ẹnikẹ́ni kò wo ọmọ nínú wọn.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ sísọnù tó ń bà yín lẹ́rù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ ya fọ́tò ọmọ láti orí dé bàtà, kí aṣọ tó wọ̀ lè hàn. Ẹni tí jìnnìjìnnì bá kì í rántí àwọ̀ aṣọ ọmọ ara rẹ̀. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ títàn fún un. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá rẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì tí omi kì í tètè fọ̀, tàbí kẹ́ ẹ so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ síta ara aṣọ, torí ọmọ kékeré a máa tẹ̀ lé ẹni tó bá mọ orúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá wò tí ẹ ò rí i, ẹ má rìn kiri nídàákẹ́. Ẹ gbé ohùn sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀: "Mò ń wá ọmọbìnrin ọdún méjì, aṣọ rẹ̀ pupa, irun rẹ̀ dì!" Ẹ pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ẹni tó gbọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí wolẹ̀. Ẹnìkan dúró síbi tẹ́ ẹ ti rí i kẹ́yìn, kó má kúrò níbẹ̀ rárá. Ẹnìkan lọ sí ibi omi tó bá sún mọ́ jù lọ, ì báà jẹ́ adágún tàbí orísun omi, torí ibẹ̀ ni kò gba ìdádúró. Ẹnìkan sọ fún òṣìṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ńlá máa ń gba ẹ̀kọ́ lórí èyí, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ń kó ọmọ tó bá ṣìnà lọ. Ẹ béèrè ibẹ̀ bẹ́ ẹ bá ṣe wọlé, kẹ́ ẹ fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà.

Ariwo àti ẹ̀rù. Ohùn ẹ̀rọ agbóhùnsókè, pàápàá iná aláràbarà tí wọ́n máa ń yìn lálẹ́, le jù fún etí kékeré. Ẹ ra ìbòtí tó ń dín ariwo kù, èyí tó ṣe régí orí ọmọdé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa fi ṣeré nílé fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, torí kò ní gbà á sórí láàárín èrò tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn tó gbé orí ẹranko àtọwọ́dá ńlá wọ̀ tí wọ́n ń bá ọmọ ya fọ́tò, ẹ má ti ọmọ sí wọn láyà. Ohun tí ọmọ rí nínú tẹlifíṣọ̀n kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí ga ju bàbá rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́, kò sì sọ̀rọ̀. Ẹ lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tó jìnnà díẹ̀, ẹ jẹ́ kó juwọ́. Tó bá fẹ́ sún mọ́ ọn, òun ló máa fa ọwọ́ yín. Ohun ìgùn náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wo bí àwọn mìíràn ṣe gùn ún tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Tó bá ní rárá, rárá náà ni. Ọmọ tí wọ́n fi tipátipá gbé wọ inú òkùnkùn kan láàárọ̀ kì í sábà gbà láti wọ ohunkóhun mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ò sanwó fún ló máa fẹ́ràn jù. Mo ti rí ọmọ kan tó kẹ̀yìn sí ìwọ́de, tó jókòó ti ihò tí omi ń gbà lọ nínú ilẹ̀, tó ń ju ewé sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bẹ̀rẹ̀ kó lè rí ibi tí ewé náà gbà. Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé e kó má pàdánù ìwọ́de. Kò pàdánù nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó ṣeré ewé rẹ̀.

Ohun kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kì í sọ: ṣáláńgá ìgbàlódé tó máa ń fọ ara rẹ̀. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sórí ṣáláńgá, ẹ̀rọ yẹn lè bú sí i nídìí níbi tó jókòó sí, torí ó kéré débi pé ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ kan máa ń kọ ṣáláńgá fún ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ fi bébà kan bo ojú pupa kékeré tó wà lẹ́yìn ìjókòó náà, ẹ mú un kúrò tí ọmọ bá ti dìde. Tí ẹ bá rò pé ìlédìí ló máa rọrùn jù lọ́jọ́ náà, ẹ lò ó, kò ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Ní àwọn ọgbà Disney, yàrá ìtọ́jú ọmọ ìkókó wà nínú ọgbà kọ̀ọ̀kan, níbi tẹ́ ẹ ti lè pààrọ̀ ìlédìí, kẹ́ ẹ fún ọmọ lóúnjẹ níbi tó tutù tó sì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ọgbà mìíràn ní irú ẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jẹun. Ìpara ọwọ́ olọ́tí kì í pa gbogbo kòkòrò tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru.

Báàgì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ìlédìí, aṣọ méjì fún ọmọ àti ẹ̀wù kan fún ẹni tó máa gbé e, omi, fìlà, aṣọ ìnura, ohun kan tó fi ń sùn nílé. Ìpara ààbò oòrùn kó jẹ́ SPF 30 ó kéré tán (SPF ni ìwọ̀n ààbò oòrùn tí wọ́n ń kọ sára ike rẹ̀), kẹ́ ẹ fi kùn ún kẹ́ ẹ tó jáde nílé, kẹ́ ẹ sì tún un kùn ní wákàtí méjì-méjì, àti nígbà tó bá ti inú omi jáde. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ dání kódà tó bá ti ń fẹsẹ̀ rìn kiri nílé. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n tí ọgbà gbà láyè: ní àwọn ọgbà Disney ní Amẹ́ríkà, kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ntímítà 79 lọ, kó má sì gùn ju 132 lọ, láti ọdún 2019 ni wọn ò sì ti gba kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n ń kó ọmọ sí láyè mọ́. Ẹ so aṣọ aláwọ̀ títàn mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń sún kẹ̀kẹ́ tí ẹ bá gbé sílẹ̀ kí ọ̀nà lè là, tẹ́ ẹ bá sì jáde, ẹ ó bá àìmọye kẹ̀kẹ́ tó jọ tiyín. Owó, fóònù àti oògùn kò gbọ́dọ̀ kù sínú ẹ̀.

Ẹ mú ọjọ́ iṣẹ́ tí kì í ṣe ìsinmi ìjọba, kó má sì jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, tí iléèwé ẹ̀gbọ́n bá lè yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ wo ojú ọjọ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Tí àbúrò bá jí pẹ̀lú ibà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí bàbá mú ẹ̀gbọ́n lọ, kí ẹ̀yin àti àbúrò dúró sílé. Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì nípa pípààrọ̀ ọjọ́, kẹ́ ẹ sì ra èyí tó gbà yín láyè láti pààrọ̀ rẹ̀.